Lẹ́tà tí Mo Kọ láti Ìdóàní

Oṣù tó kọjá ni mo tún yí ibi iṣẹ́ padà. Mo fi jẹ́léósinmi tí mo ti ń tọ́jú ọmọ wẹ́wẹ́ ní Ọ̀wọ̀ sílẹ̀, mo gba òmíràn ní Ùsò, ìkẹrin irú rẹ̀ nìyẹn láti ìgbà tí mo ti wà lẹ́nu iṣẹ́ ọmọ títọ́. Ọ̀dọ́mọbìnrin tó jókòó sídìí tábìlì níbẹ̀ na fọ́ọ̀mù kan sí mi, ó ní, "Mà, ẹ kọ gbogbo ibi tí ẹ ti ṣiṣẹ́ rí síbí, kí ẹ sì fi lẹ́tà wọn tì í." Ó dà bí ẹni pé wọ́n da omi tútù sí mi lẹ́yìn. Èmi obìnrin tó ti lé ní àádọ́ta ọdún, tó ti ní ọmọ-ọmọ méjì, mo mú bírò dání, mo ń wo fọ́ọ̀mù náà. Ọmọ náà rò pé ojú mi ni kò ríran dáadáa mọ́, ó ní kí n jẹ́ kí òun bá mi kọ ọ́. Kò mọ̀ pé ọ̀ràn àtijọ́ kan ń bẹ lọ́rùn mi nípa lẹ́tà ibi iṣẹ́. Nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún mẹ́wàá, mo ti jẹ ọ̀gá àgbà ilé ìwé kan rí ní Ìdóàní. Ilé ìwé náà kò sí. Ìlú náà, n kò tíì fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ rí nígbà náà.

Ilé ọmọ ni ilé wa ní Ọ̀wọ̀ nígbà náà. Kì í ṣe pé ìyá mi bímọ púpọ̀, èmi Bọ́sẹ̀ nìkan ló bí. Àwọn ọmọ ọlọ́mọ ló kún ibẹ̀. Bí ilẹ̀ bá ti ń mọ́, bàtà àwọn ìyá wọn lẹ ó kọ́kọ́ máa gbọ́ lórí òkúta ẹnu ọ̀nà, lẹ́yìn náà "Ìyá Bọ́sẹ̀, ẹ káàárọ̀ o," lẹ́yìn náà ẹkún. Ọmọ kọ̀ọ̀kan ní irú ẹkún tirẹ̀ tó fi ń sin ìyá rẹ̀ lọ sí ọjà tàbí sí oko. Ti Rúkà, ọmọ télọ̀ tó ń ránṣọ ní àárín ìlú, dà bí ìgbà tí ènìyàn ń fọn fèrè, ó gùn, ó sì lẹ́wà. Àwọn méje ni wọ́n. Bí wọ́n bá ti sunkún tán, wọn a mu ògì. Ìyá bàbá mi, tí gbogbo wa ń pè ní Ìyá Àgbà, ni yóò máa fi ètè tọ́ ọ wò bóyá ó ti tutù, ó sì máa ń tọ́ ọ wò débi pé n kì í mọ iye ògì tó kù fún ọmọ. Iṣẹ́ tèmi ni kí n gbálẹ̀, kí n tẹ́ ẹní sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, kí n pọn omi, kí n sá ìlédìí sórí ọgbà kí n tó lọ sí ilé ìwé. Bí mo bá dé lọ́sàn-án, màá bá Màmá nídìí odó. Yóò pọn ọmọ kan sẹ́yìn, yóò máa gún iyán, ọmọ náà yóò sì ti sùn lọ pẹ̀lú gbì, gbì, gbì tí odó ń ké, orí rẹ̀ á máa mì sọ́tùn-ún sósì. Mo ti kàwé díẹ̀ lórí bí ọmọ ṣe ń sùn láti ìgbà náà, mo sì ti gba ìwé ẹ̀rí lórí rẹ̀. N kò tíì rí ìwé tó mẹ́nu kan odó.

Ẹ máa rò pé inú mi dùn sí gbogbo èyí. Ojú ń tì mí ni. Ọmọ kíláàsì mi kan wà tó ń jẹ́ Fúnmiláyọ̀, nọ́ọ̀sì ni ìyá rẹ̀, ó máa ń wọ aṣọ funfun kọjá níwájú ilé ìwé wa. Ní ọjọ́ kan tí tíṣà ní kí oníkálukú sọ iṣẹ́ ìyá rẹ̀, mo dìde, mo ní oníṣòwò ni ìyá mi. Fúnmiláyọ̀ ní, "Irọ́ ni, mà. Agbọ́mọpọ̀n ni." Gbogbo kíláàsì rẹ́rìn-ín. Kò sí èébú nínú ọ̀rọ̀ yẹn, bí mo ṣe rí i lónìí. Ẹni tó ń gbé ọmọ pọ̀n ni wọ́n ń pè ní agbọ́mọpọ̀n, òun ni èmi fúnra mi jẹ́ báyìí, mo sì ń gba owó oṣù lé e. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ náà, bí mo ṣe ń lọ sílé, mo ṣèlérí fún ara mi pé màá sọ ìyá mi di ènìyàn pàtàkì. Ẹ wo ọmọ tí kò tíì mọ bí a ṣe ń fa ìlà sábẹ́ àkọlé kó má wọ́, ló fẹ́ sọ ìyá rẹ̀ di ènìyàn pàtàkì.

Kò pẹ́ sí ìgbà náà ni obìnrin kan tí gbogbo ènìyàn ń pè ní Mísìsì ṣí jẹ́léósinmi tuntun ní ọ̀nà tí mo máa ń gbà re ilé ìwé. Ará Àkókó ni, ọkọ rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ ìjọba ní Ọ̀wọ̀, òun fúnra rẹ̀ sì ti ṣe tíṣà títí ó fi fẹ̀yìn tì. Ó kun ògiri rẹ̀ ní àwọ̀ òféfèé, ó ya àgbọ̀nrín kan síbẹ̀ tó dà bí ewúrẹ́. Lọ́jọ́ kan ni mo rí pátákó kan ní ẹnu géètì: wọ́n ń wá obìnrin tó ti tọ́jú ọmọ kékeré rí. Mo sáré délé, mo sọ fún Màmá bó ṣe ń ro ọkà lórí iná.

Màmá kò tiẹ̀ gbójú sókè. Ó ní, "Ta ni yóò gbà mí? Ìwé mẹ́fà péré ni mo kà."

Ìyá Àgbà ní, "Ọmọ wo ló ń béèrè ìwé lọ́wọ́ ẹni tó ń fún un lóúnjẹ?"

Màmá ní, "Àwọn ọmọ kọ́ ló ń gbani síṣẹ́, Ìyá."

Ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀ lójú tiwọn. Lójú tèmi, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni. Lọ́jọ́ kejì, mo fa ìbọ̀sẹ̀ mi sókè, mo kan ilẹ̀kùn Mísìsì. Obìnrin gíga ni, ó fi okùn so awò ojú rẹ̀ mọ́ ọrùn. Mo kúnlẹ̀, mo ní ìyá mi ló rán mi nípa iṣẹ́.

Ó ní, "Níbo ló ti ṣiṣẹ́ rí?"

N kò múra sílẹ̀ fún ìbéèrè yẹn. Mo wo ojú títì bóyá ìdáhùn wà níbẹ̀, ọkọ̀ kan sì ń kọjá lọ, ọmọ ọkọ̀ ń pariwo ibi tí wọ́n ń lọ. Mo ní, "Ìdóàní, mà."

"Ilé ìwé wo ní Ìdóàní?"

"Jẹ́léósinmi ti Ìdóàní, mà."

"Ọdún mélòó?"

"Méje, mà."

Ká ní ọkọ̀ Àbújá ló ń kọjá ni, Àbújá ni ìyá mi ì bá ti ṣiṣẹ́. Mísìsì wò mí láti òkè délẹ̀, ó ní kí ìyá mi wá rí òun lọ́jọ́ Ajé. Mo délé, mo sọ fún Màmá pé Mísìsì ti rí i bó ṣe ń tọ́jú ọmọ lójú ọ̀nà, ó sì ránṣẹ́ sí i. Irọ́ méjì láàárín wákàtí kan, n kò sì kọsẹ̀ lórí ìkankan nínú wọn. Ká ní mo kàwé báyẹn ni, dókítà ni ẹ̀yin ì bá máa pè mí.

Màmá wọ aṣọ ọjọ́ Ìsinmi rẹ̀ lọ. Ohun tó sọ fún wa nígbà tó dé ni pé bí òun ṣe wọlé, ọmọ kan ti da iyẹ̀pẹ̀ sójú èkejì, àǹtí tó wà níbẹ̀ sì ń fi aṣọ nu ojú ọmọ náà, èyí tó ń mú un burú sí i. Ó ní òun gba ọmọ náà, òun gbé e dùbúlẹ̀ sórí itan, òun rọra da omi sí i lójú, òun ń bá a sọ̀rọ̀ títí ó fi dákẹ́. Mísìsì kò béèrè nǹkan kan lọ́wọ́ òun mọ́. Ó ní kí òun bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ kejì.

Nígbà tí Màmá sọ fún àwọn ìyá àwọn ọmọ náà, ọ̀rọ̀ kò rọrùn. Ìyá Rúkà jókòó sórí àpótí, ó ní, "Ìyá Bọ́sẹ̀, kí ni ká wá ṣe?" Kí ọ̀sẹ̀ yẹn tó parí, wọ́n ti rí obìnrin mìíràn ní àdúgbò kejì, àwọn méjèèje sì lọ. Ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e, mo jí, mo gbọ́ adìẹ. Ó pẹ́ tí n kò gbọ́ adìẹ wa rí, ẹkún ọmọ ti máa ń bò ó mọ́lẹ̀. Ìyá Àgbà po ògì gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀, ó fi ètè tọ́ ọ wò, ó wá wo ọ̀dẹ̀dẹ̀ tó ṣófo, ó gbé ife náà fún mi. Ó ní, "Mu ún. Ìwọ lo kù." Mo mu ún. N kò sọ fún ẹnikẹ́ni pé ilé náà dá páropáro lójú èmi náà. Ẹni tó bá ṣẹ́gun kì í sunkún.

Ṣùgbọ́n Màmá ń gbádùn ara rẹ̀. Wọ́n fún un ní épúrọ́ọ̀nù aláwọ̀ òféfèé tí wọ́n ń so mọ́ iwájú aṣọ, ó máa ń lọ̀ ọ́ ní ìrọ̀lẹ́ bí ẹni tó ń lọ aṣọ ọba. Ó kọ́ orin tuntun, ó máa ń kọ ọ́ nídìí ààrò, bí ọ̀rọ̀ òyìnbó inú rẹ̀ bá sì ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, á fi ti Ọ̀wọ̀ dí i. Bàbá mi, tó máa ń wà lóko kòkó ní Ìdásẹ̀n láti ọjọ́ Ajé títí di ọjọ́ Ẹtì, dé lọ́sẹ̀ kan, ó bá a níbi tó ti ń kọ́ Ìyá Àgbà bí wọ́n ṣe ń ka orí, etí, imú lédè òyìnbó, ó padà síta, ó tún wọlé, ó ní òun fẹ́ mọ̀ bóyá ilé òun ni. Èmi náà, mo ti sọ fún Fúnmiláyọ̀ pé tíṣà ni ìyá mi. Mo máa ń mú àwọn ọ̀rẹ́ mi gba ọ̀nà ibẹ̀ lọ sílé, èyí tó jìn sí ilé àwọn mìíràn nínú wọn, kí wọ́n lè rí épúrọ́ọ̀nù náà.

Kò tó oṣù méjì tí Màmá fi délé lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó ní Mísìsì fẹ́ kí òun mú lẹ́tà ibi iṣẹ́ òun àtijọ́ wá, pé àwọn alábẹ̀wò láti ọ́fíìsì ètò ẹ̀kọ́ ń bọ̀, wọn yóò sì yẹ ìwé gbogbo òṣìṣẹ́ wò. Ó jókòó, ó ń rò ó. Ó ní, "Ibi iṣẹ́ àtijọ́ mi, ọ̀dẹ̀dẹ̀ yìí ni. Ta ni yóò kọ lẹ́tà? Ṣé Rúkà ni?"

Ìyá Àgbà ní, "Èmi ni mo ni ọ̀dẹ̀dẹ̀. Màá tẹ̀ka sí i."

Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín. Mo sọ fún Màmá pé kó má ṣe ìyọnu, pé mo gbọ́ pé Mísìsì ti yí ọ̀rọ̀ náà padà, kò gba lẹ́tà mọ́. Ẹ ò rí i, irọ́ mìíràn. Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, nígbà tí Màmá lọ sí ọjà, mo fa ewé kan ya láti àárín ìwé ìṣirò mi, mo lọ jókòó sẹ́yìn ilé ìdáná, mo di ọ̀gá àgbà.

Èdè òyìnbó ni mo fi kọ lẹ́tà náà, n ó sì sọ ohun tó wà nínú rẹ̀ fún yín lédè wa kí ojú má bàa tì mí lẹ́ẹ̀mejì. Irú lẹ́tà kan ṣoṣo tí wọ́n tíì kọ́ wa ni lẹ́tà sí ọ̀rẹ́, nítorí náà mo bẹ̀rẹ̀ pé: "Ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n, Mísìsì, mo lérò pé ara yín le bí tèmi náà ṣe le." Mo sọ bí òjò ṣe ń rọ̀ ní Ìdóàní. Mo sọ pé Ìyá Bọ́sẹ̀ bá mi ṣiṣẹ́ fún ọdún méje, kò pẹ́ lẹ́yìn rí, kò jalè, ó sì ń gún iyán dáadáa. Mo ní kì í na ọmọ, àyàfi Bọ́sẹ̀. Mo ronú pé ó yẹ kí n fi dá a lójú pé ẹni tó kọ ọ́ tó ẹni tó yẹ kó kọ ọ́, mo wá fi kún un pé: "Èmi ọ̀gá àgbà ni mo kọ lẹ́tà yìí. Kì í ṣe ọmọdé ló kọ ọ́." Lẹ́yìn náà, mo fọ́ bírò kan, mo fi tàdáwà rẹ̀ kun ìdérí agolo ìpara, mo tẹ̀ ẹ́ sísàlẹ̀ ìwé kó lè dà bí òǹtẹ̀. Títí di ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni ìka mi fi dúdú.

Lọ́jọ́ Ajé, mo gba ẹ̀yìn lọ, mo fi lẹ́tà náà lé Mísìsì lọ́wọ́ kí Màmá tó dé. Ó wọ awò ojú rẹ̀, ó kà á. Ojú rẹ̀ kò yí padà. Ó ní, "O ṣé. Máa lọ sí ilé ìwé." Mo fò lọ. Mo rò pé mo mọ nǹkan ṣe.

Lọ́sàn-án, bí mo ṣe ń ti ilé ìwé bọ̀, ó dá mi dúró ní géètì, ó ní kí n wá sí ọ́fíìsì òun. Màmá ti wà níbẹ̀, ó wọ épúrọ́ọ̀nù rẹ̀, ó pọn ọmọ kan tí ara rẹ̀ kò yá, kò sì mọ ohun tí wọ́n pè é fún. Mísìsì ka lẹ́tà náà sókè, ó ń túmọ̀ rẹ̀ ní ìlà-ìlà. Nígbà tó dé ibi òjò Ìdóàní, Màmá ṣì ń gbọ́ ọ bí ẹni tó ń gbọ́ ìròyìn ẹlòmíràn. Nígbà tó dé ibi "àyàfi Bọ́sẹ̀," ó yíjú, ó wò mí. Ó wo ìka mi. N kò tíì rí irú ojú yẹn rí, n kò sì fẹ́ rí i mọ́. Kò bínú. Ó dà bí ẹni tó ń wá mi, tí kò rí mi.

Ó tú épúrọ́ọ̀nù náà láti ẹ̀yìn ọrùn, ó rọra fà á yọ kó má bàa jí ọmọ tó wà lẹ́yìn rẹ̀, ó ká a, ó gbé e sórí tábìlì. Ó ní, "Mísìsì, n kò ṣiṣẹ́ ní Ìdóàní rí. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni mo débẹ̀, ìsìnkú ni mo bá lọ, ọjọ́ náà la sì padà. Ọmọ àdúgbò ni mò ń gbà tọ́jú ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé wa. N kò mọ̀ pé ó wá purọ́ fún yín."

Mísìsì ní, "Mo gbà yín gbọ́. Ṣùgbọ́n ọmọ ènìyàn ni wọ́n ń gbé wá bá mi níbí. Bí àwọn alábẹ̀wò bá bi mí léèrè, kí ni kí n sọ?"

"Ẹ sọ fún wọn pé mo ti lọ. Ẹni tó bímọ ọ̀ràn ló ń pọ̀n ọ́n."

Ó sọ ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ kalẹ̀, ó gbé e fún àǹtí kejì, ó sọ fún un pé kó má fún un ní oúnjẹ títí ara rẹ̀ yóò fi tutù díẹ̀, omi ni kó máa fún un. Lẹ́yìn náà, a lọ sílé. Mo tẹ̀ lé e lẹ́yìn. Mo ń retí pé kó yà síbi kan, kó já pàṣán, kó sì fi àyàfi tí mo kọ sínú lẹ́tà hàn mí. Kò já nǹkan kan. Nígbà tí a délé, ó bọ́ aṣọ, ó bẹ iṣu, ó gbé e kaná, a sì jẹun láìsọ̀rọ̀. Wọ́n ti nà mí púpọ̀ láyé mi, mo sì ti gbàgbé èyí tó pọ̀ jù nínú wọn. Iṣu ọjọ́ yẹn kò tíì kúrò lọ́nà ọ̀fun mi.

Ìyá Àgbà gbọ́ gbogbo rẹ̀ lẹ́nu Màmá. Ó pè mí. Ó ní, "Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ yóò lé e bá. Tìrẹ ò tiẹ̀ pé oṣù méjì. Irọ́ arọ lo pa." Lẹ́yìn ìyẹn ni kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó ní, "Àwọn ọmọ méje ti lọ. Iṣẹ́ Mísìsì ti lọ. Kí ni ìyá rẹ yóò máa ṣe láti ọ̀la?" N kò tíì ro ọ̀la títí ó fi bi mí. Lọ́jọ́ kejì, Màmá gbálẹ̀ ọ̀dẹ̀dẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, kò sì sí ẹni tó dọ̀tí rẹ̀. Lọ́jọ́ kẹta, ó lọ bá Ìyá Rúkà. Ìyá Rúkà dá a lóhùn pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ pé Rúkà ti mọ́ ibi tó wà lára.

Lọ́jọ́ Ẹtì, Ìyá Àgbà wẹ̀, ó wé gèlè, ó mú ọ̀pá rẹ̀, ó ní kí n sin òun lọ sọ́dọ̀ Mísìsì ní jẹ́léósinmi rẹ̀. Kò sọ fún Màmá. Ìrìn tí èmi ń rìn láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá, a rìn ín fún nǹkan bí wákàtí kan, ó ń dúró kí gbogbo ènìyàn, bí wọ́n bá sì bi í léèrè ibi tó ń lọ, á ní, "Mò ń mú olè lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá." Mísìsì fún un ní àga. Ìyá Àgbà jókòó, ó bẹ̀rẹ̀ sí sọ èdè Ọ̀wọ̀. Kì í ṣe èyí tí à ń sọ fún àlejò o. Èyí tó jinlẹ̀ ni, ti àwọn tó ń pe ìlú wa ní Ọ̀ghọ̀, ó ń yára sọ ọ́, ó sì ń fi ọ̀pá kan ilẹ̀. Mísìsì gbìyànjú láti gbọ́ ọ, kò rí i gbọ́. Ó yíjú sí mi. "Kí ni Ìyá Àgbà ń sọ?"

Èmi ni mo wá di ògbufọ̀ ẹjọ́ ara mi.

Mo ní, "Wọ́n ní ẹ kú iṣẹ́, mà."

Mísìsì ní, "Gbogbo ọ̀rọ̀ tó gùn tó yẹn?"

Ìyá Àgbà fi ọ̀pá kàn mí lẹ́sẹ̀. Mo ní, "Wọ́n ní ọmọ burúkú ni mí, mà. Wọ́n ní irọ́ ni mo pa, ìyá mi ò mọ̀ sí i." Ó tún sọ̀rọ̀. Mo ní, "Wọ́n ní ìyá mi ti tọ́jú ọmọ tó lé ní ogún ní ilé wa, kò sí èyí tó jóná, kò sí èyí tó ṣubú sí kànga." Ó tún sọ̀rọ̀, ó sì rọ ohùn sílẹ̀. Mo gbọ́ ọ dáadáa. N kò lè túmọ̀ rẹ̀.

Mísìsì ní, "Mò ń gbọ́."

Mo wo ilẹ̀. Ìyá Àgbà kò kàn mí lẹ́sẹ̀ mọ́, ó dúró dè mí. Mo ní, "Wọ́n ní... wọ́n ní kì í ṣe torí pé ìyá mi ò mọṣẹ́ ni mo fi purọ́. Wọ́n ní torí pé ojú ìyá mi ń tì mí ni." Ìgbà náà ni ẹkún gbé mi. Mo sun ún débi pé àwọn ọmọ tó wà ní yàrá kejì dákẹ́, wọ́n ń gbọ́. Ìyá Àgbà kò bẹ̀ mí. N kò mọ bó ṣe mọ̀. N kò sọ ọ́ fún un rí, n kò tiẹ̀ sọ ọ́ fún ara mi ní gbangba.

Mísìsì bọ́ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún wọ̀ ọ́. Ó ní láti ọjọ́ tí Màmá ti lọ, ọmọ mẹ́ta ni kò gbà kí ẹlòmíràn fún àwọn lóúnjẹ. Ó ní òun kò ní fi lẹ́tà irọ́ sínú fáìlì òun, òun yóò sì kọ òtítọ́ síbẹ̀: ìwé mẹ́fà, ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé, ọmọ méje. Bí àwọn alábẹ̀wò bá ní àwọn kò fẹ́ ẹ, kí wọ́n wá fún àwọn ọmọ náà lóúnjẹ fúnra wọn. Ó ní kí Màmá padà wá lọ́jọ́ Ajé, òun yóò dán an wò fún sáà kan.

Mo ṣí ẹnu láti túmọ̀ rẹ̀ fún Ìyá Àgbà. Ó gbé ọwọ́ sókè, ó dá mi dúró. Ó wá sọ èdè Yorùbá tó mọ́ kedere, bíi ti àwọn tó ń ka ìròyìn lórí rédíò, ó ní, "Ẹ ṣeun, Mísìsì. Ó ku ẹyọ kan. Ọmọ yìí yóò máa wá lójoojúmọ́ bó bá ti jáde ilé ìwé, yóò máa fọ pó tí àwọn ọmọ fi ń ṣe ìgbẹ́ títí sáà yóò fi parí." Mísìsì wò ó, ó wò mí. Ó kọ́kọ́ gbìyànjú kó má rẹ́rìn-ín, kò rí i ṣe.

Nígbà tí a sọ fún Màmá, ó kúnlẹ̀ fún Ìyá Àgbà, ó pẹ́ lórí ìkúnlẹ̀. Sí mi, gbólóhùn kan péré ló sọ: "Mú aṣọ tí kò dáa dání." Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tó bá mi sọ látìgbà tí a ti kúrò ní ọ́fíìsì yẹn nìyẹn, mo sì gbà á bí ẹran ọdún.

Àwọn alábẹ̀wò náà wá lóòótọ́, wọ́n jókòó fún ìgbà díẹ̀, wọ́n jẹ ẹ̀pà tí Mísìsì gbé kalẹ̀, wọ́n lọ. Kò sẹ́ni tó bi Màmá léèrè ibi tó ti ṣiṣẹ́ rí. Ó lo ọdún mọ́kànlá níbẹ̀. Ṣùgbọ́n n kò mọ èyí lọ́jọ́ Ajé àkọ́kọ́ tí mo dé ẹ̀yìnkùlé Mísìsì pẹ̀lú aṣọ tí kò dáa. Pó mẹ́sàn-án ló tò síbẹ̀, pupa, àwọ̀ ewé, òféfèé. Mo di imú. Mo gbé àkọ́kọ́, mo dà á nù, mo fi ìgbálẹ̀ fọ̀ ọ́, mo sì ń gbàdúrà kí Fúnmiláyọ̀ má gba ibẹ̀ kọjá. Ní ibi tí mo ti ń fọ ìkẹrin, mo gbọ́ ohùn kan lẹ́yìn mi. Ọmọkùnrin kékeré kan ni, ó jókòó sórí pó kan tí n kò tíì kà mọ́ wọn, ó ká apá lé orúnkún bí baálẹ̀.

Ó ní, "Àǹtí, mo ti ṣe tán."

Mo wo ẹ̀yìn láti rí àǹtí tó ń pè. Kò sí ẹnì kankan níbẹ̀. Màmá nìkan ló wà lẹ́nu ilẹ̀kùn, ọmọ kan wà lẹ́yìn rẹ̀, òmíràn rọ̀ mọ́ aṣọ rẹ̀. Ó fi àgbọ̀n júwe mi.

Ó ní, "Ìwọ ló ń pè."